Ààlà Ìpínlẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà Yunifásítì

Lọ́dọọdún, bí fọ́ọ̀mù JAMB bá ti jáde, àwọn òbí a máa wá bá wa ní ilé kéwú lẹ́yìn ìrun Alásàrì. Wọn a jókòó lórí ẹní, wọn a béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yóò wá jáde: "Alfa, ọmọ yìí fẹ́ wọ yunifásítì. Ṣé ti ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín ni kí ó mú, tàbí kí ó gba ìpínlẹ̀ mìíràn lọ?" Ìbéèrè kékeré ni lójú ẹni tí kò mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti rí ilé tí ó ta ilẹ̀ nítorí ìbéèrè yìí, a sì ti rí ọmọ tí ó jókòó sílé fún ọdún méjì nítorí pé wọn kò dáhùn rẹ̀ dáadáa.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, bírìkìlà kan tí ó ń kírun lẹ́yìn wa mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá. Bírìkìlà náà ti gbé ní ìlú wa fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ibẹ̀ ni ó ti gbéyàwó, ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ilé yàrá mẹ́rin, ibẹ̀ ni ó sì ti ń san owó orí. Ọmọ náà kò mọ ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo ìwé tí yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ kan fi síta, ìpínlẹ̀ tí gbogbo wa ń gbé yìí, iye owó méjì ni wọ́n bá níbẹ̀: ọ̀kan fún ọmọ ìpínlẹ̀, èkejì fún àlejò. Ti àlejò ga ju ti onílé lọ dáadáa. Wọ́n béèrè ìlú bàbá rẹ̀, wọ́n sì pè é ní àlejò. Ọmọ náà wò wá lójú, ó ní, "Alfa, bí mo bá jẹ́ àlejò níhìn-ín, níbo ni mo ti wá jẹ́ onílé?"

A kò rí èsì gidi fún un lọ́jọ́ náà. Ìmọ̀ràn ni a yára gbà wọ́n, pé kí ọmọ lọ sí yunifásítì ìpínlẹ̀ bàbá rẹ̀, níbi tí yóò ti san owó onílé. A óò sọ ibi tí ìmọ̀ràn náà yọrí sí kí a tó kásẹ̀ ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ yìí ni ó mú wa wádìí ìtàn, kí a lè mọ ẹni tí ó fa ààlà yìí, ìgbà tí ó fà á, àti bí ó ṣe rìn títí tí ó fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ gíga.

Nígbà tí òde nìkan ni ó wà

Láyé àwọn bàbá ńlá wa, kò sí ọ̀rọ̀ pé à ń yàn láàrin ilé àti òde, nítorí òde nìkan ni ó wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìwé gíga ti òyìnbó ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Fourah Bay ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró. Ọdún 1827 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Ọ̀ṣogùn, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 1876 ni Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á mọ́ra, tí àwọn tí ó jáde níbẹ̀ fi lè gba oyè. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ a kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù.

Nígbà tí ó di 1934, ìjọba amúnisìn ṣí Higher College ní Yábà, ní Èkó. Ọ̀kan ṣoṣo ni fún gbogbo Nàìjíríà, láti Sókótó títí dé Kàlàbá. Ní 1948 ni University College wá bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn láti Yábà, ní Ẹlẹ́yẹlé, nínú ilé tí àwọn ológun ti lò gẹ́gẹ́ bí ilé ìwòsàn. Chinua Achebe wá láti Ògìdì ní ilẹ̀ Ìgbò ní 1948. Wọlé Ṣóyínká wá láti Abẹ́òkúta ní 1952. Ohun tí wọ́n fi yan irú wọn ni ìdánwò. Ìwé ẹ̀rí pé bàbá ẹni jẹ́ ọmọ ibí kan tàbí ọmọ ọ̀hún kò sí lára ohun tí à ń kó lọ.

A kò sọ pé ayé ìgbà náà dùn fún gbogbo ènìyàn. Ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo fún odindi orílẹ̀-èdè, ẹni mélòó ni yóò wọlé? Àìlówó àti àìsí àyè ni ó dá ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́gbọ́n dúró nílé. Ṣùgbọ́n ààlà kọ́ ni ó dá wọn dúró.

Ìgbà àwọn ẹkùn mẹ́ta

Ààlà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òmìnira. Ní 1959 ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan, Sir Eric Ashby sì ni alága rẹ̀, láti wo irú ilé ẹ̀kọ́ gíga tí Nàìjíríà yóò nílò. Ìròyìn wọn jáde ní 1960. Ní oṣù Ọ̀wàwà ọdún náà gan-an ni ìjọba Ìlà Oòrùn ṣí Yunifásítì Nàìjíríà sí Nsukka. Ní 1962, ìjọba Àríwá dá Ahmadu Bello sílẹ̀ ní Zaria, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì dá ti Èkó. Ìbàdàn ni Yunifásítì Ifẹ̀ ti kọ́kọ́ gbé kí ó tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967.

Kí ni ó fà á tí ẹkùn kọ̀ọ̀kan fi fẹ́ ní tirẹ̀? Owó ni. Owó kòkó àwọn àgbẹ̀ wa wà nídìí púpọ̀ nínú ohun tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kọ́ nígbà náà. Ẹni tí ó bá ti fi òógùn rẹ̀ sin ilẹ̀, ó tọ́ kí ó ní kí ọmọ òun kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀. Àwọn ẹkùn wá ń fi owó ìrànwọ́ rán àwọn ọmọ tiwọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ Ìlọrin tàbí ọmọ Ọ̀fà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ Yorùbá, Kàdúná ni yóò kọjú sí bí ó bá ń wá ìrànwọ́ ìjọba, nítorí abẹ́ Àríwá ni ìlú rẹ̀ wà. Ṣé ẹ rí i? Ààlà kò tíì dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ti wọ inú àpò owó.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Ẹ̀bìbí ọdún 1967, ìjọba ológun pa ẹkùn rẹ́, ó sì pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. Ní 1975, ìjọba àpapọ̀ gba àwọn yunifásítì ẹkùn, Ifẹ̀, Zaria àti Nsukka, sí abẹ́ ara rẹ̀, ó sì tún fi àwọn tuntun kún un, ti Ìlọrin wà nínú wọn. Ẹni tí kò bá wò ó jinlẹ̀ yóò rò pé ààlà ti parẹ́.

JAMB àti pípín àyè

Títí di àárín àwọn ọdún 1970, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni ó ń ta fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ọmọ kan lè gba àyè ní ibi mẹ́ta, kí ẹlòmíràn má rí ẹyọ kan. Òfin tí ó dá JAMB sílẹ̀ jáde ní 1978, pé kí fọ́ọ̀mù jẹ́ ọ̀kan, kí ìdánwò sì jẹ́ ọ̀kan. Ìjọba àpapọ̀ ti yọwọ́ owó ìkẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní yunifásítì nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi owó oúnjẹ àti owó ibùsùn kún un ní oṣù Igbe ọdún 1978, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìde jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ìjà náà ni a mọ̀ sí "Ali Must Go", nítorí Ọ̀gágun Ahmadu Ali ni ó ń mójú tó ètò ẹ̀kọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn: owó ìkẹ́kọ̀ọ́ ọ̀tọ̀, owó oúnjẹ àti ibùsùn ọ̀tọ̀. Èkejì ni ó máa ń dá òbí lẹ́kun.

Ní àwọn ọdún 1980 ni ìjọba àpapọ̀ wá ṣe ètò pípín àyè ní àwọn yunifásítì rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún àyè, 40 jẹ́ ti àwọn tí máàkì wọn ga jù, ibi yòówù kí wọ́n ti wá. 30 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ó múlé gbe ilé ẹ̀kọ́ náà. 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ní ẹ̀kọ́ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. 10 sì wà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí i padà sí 45, 35 àti 20.

Ètò yìí ní ọgbọ́n nínú. Ìka kò dọ́gba. Bí a bá ní kí máàkì nìkan sọ̀rọ̀, àwọn agbègbè kan yóò wà tí ọmọ wọn kò ní fojú kan ilé ẹ̀kọ́ gíga fún ìran púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí ààlà ṣe ń ṣe nínú rẹ̀. Ọ̀fà àti Ìkirun kò jìnnà síra, ojú ọ̀nà rélùwéè kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Ọ̀fà wà ní Kwara, Kwara sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ wọn kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ìwé JAMB. Ìkirun wà ní Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun kò sí nínú wọn. Ọmọ méjì lè gba máàkì kan náà, kí wọ́n jọ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kan náà ní yunifásítì kan náà ní òkè ọya, kí ọ̀kan wọlé nítorí ìlú bàbá rẹ̀, kí èkejì sì dúró síta.

Ní 1988, ọmọdébìnrin kan láti ìpínlẹ̀ Ògùn gbé irú ọ̀rọ̀ yìí lọ sí kóòtù. Ti ilé ìwé girama ìjọba àpapọ̀ ni tirẹ̀. Àwọn tí máàkì wọn kò tó tirẹ̀ láti ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n pè, wọn kò pe òun. Ẹjọ́ náà rìn títí dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ, ó sì parí ní 1996 láìjẹ́ pé ọmọ náà rí ohun tí ó béèrè gbà. Ọdún mẹ́jọ! Ẹni tí ó fẹ́ wọ kíláàsì kìn-ín-ní girama ti dàgbà kọjá girama kí wọ́n tó dá a lóhùn.

Yunifásítì ìpínlẹ̀ àti iye owó méjì

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1979 fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti ní yunifásítì tiwọn. Nílẹ̀ Yorùbá, Ògùn ṣí tirẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè ní 1982, Oǹdó ṣí tirẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní ọdún kan náà, Èkó ṣí tirẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní 1983. Ọ̀yọ́ dé lẹ́yìn wọn, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní 1990. Ohun rere ni. Ọmọ tí ìjọba àpapọ̀ kò rí àyè fún rí ibi tí yóò forí lé.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn ni iye owó méjì ti wọ ilé. Ohun tí wọ́n wí ni pé owó ìpínlẹ̀ ni a fi ń gbọ́ bùkátà ilé ẹ̀kọ́ yìí, nítorí náà kí ọmọ ìpínlẹ̀ san díẹ̀, kí ẹni tí ó ti òde wá san jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dà bí òtítọ́. Iye owó ọ̀hún náà kì í sì í dúró lójú kan. Ní 2011, ìjọba Èkó gbé owó yunifásítì rẹ̀ kúrò ní náírà 25,000 lọ sí ohun tí ó tó 193,750 sí 348,750 fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ariwo pọ̀, àwọn ọmọ kò yà síbẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ní 2014 wọ́n sì dá a padà sí 25,000. Ẹni tí ó wọlé ní 2011 àti ẹni tí ó wọlé ní 2010, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà.

Ààlà tí ó ń rìn

Bí ó bá jẹ́ pé ààlà dúró sójú kan, à bá ní kí olúkúlùkù mọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ààlà ìpínlẹ̀ ń rìn. Ní 1976, wọ́n pín Ìwọ̀ Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ní oṣù Ògún ọdún 1991, Ọ̀ṣun yọ lára Ọ̀yọ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ọ̀wàwà ọdún 1996, Èkìtì yọ lára Oǹdó.

Ẹ wo ohun tí èyí dá sílẹ̀. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Oǹdó wà ní Adó-Èkìtì. Nígbà tí Èkìtì yọ, yunifásítì bá ilẹ̀ lọ, àwọn ará Oǹdó tí wọ́n ti jọ gbọ́ bùkátà rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá di ará òde níbẹ̀. Ọdún 1999 ni tiwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní Àkùngbá. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ gba ọ̀nà mìíràn: Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun jọ ni ín lẹ́yìn ìpínyà. Ohun tí àwọn méjì jọ ni, bí owó bá dé, olúkúlùkù a ní kí èkejì kọ́kọ́ san. Ní 2016 àti 2017, iṣẹ́ dúró níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù nítorí owó àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀ṣun ti dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2006. Ní 2020, Ọ̀yọ́ nìkan ni ó wá ni ti Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà lára. Ní 1991, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan ni a wà, ti ìjọba ìpínlẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni a jẹ́ nígbà tí a wọlé, nítorí Ọ̀yọ́ ni ìlú bàbá wa wà. A lọ sí ìsinmi, wọ́n dá Ọ̀ṣun sílẹ̀, a padà dé, akápò sì ní kí àwọn tí ìlú wọn wà ní òdìkejì dúró sí apá kan. Yàrá kan náà ni a ń sùn, ìwé kan náà ni à ń kà, ẹni tí ó sùn sí orí bẹ́ẹ̀dì òkè jẹ́ onílé, àwa tí a sùn sí ìsàlẹ̀ di àlejò. Ẹ̀gbọ́n wa kan ta ewúrẹ́ mẹ́ta kí a tó lè jókòó ṣe ìdánwò. Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé ènìyàn lè jókòó sójú kan kí ààlà sì kọjá lórí rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni iye owó méjì wà. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní 1862 ni Ààrẹ Abraham Lincoln fọwọ́ sí òfin tí ó fi ilẹ̀ ta ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́rẹ, kí wọ́n fi dá ilé ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn ìpínlẹ̀ ń fi owó orí ran irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ ìpínlẹ̀ sì ń san díẹ̀. Ẹni tí ó ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá lè san ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà. Níbẹ̀, ibi tí ènìyàn ń gbé ni wọ́n ń wò. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, bí ìdílé bá ti fi ibẹ̀ ṣe ilé fún ọdún kan, tí wọ́n sì ń san owó orí níbẹ̀, onílé ni ọmọ wọn. Ìpínlẹ̀ Connecticut fẹ́ ṣe é lọ́nà mìíràn: wọ́n ní ẹni tí àdírẹ́sì rẹ̀ bá jẹ́ ti òde nígbà tí ó ń gba fọ́ọ̀mù, àlejò ni títí yóò fi jáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì gbé e lọ sí kóòtù, ní 1973 ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sì dá òfin náà nù, pé ó yẹ kí wọ́n fún ènìyàn láyè láti fi hàn pé òun ti di ará ibẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Orírun ni à ń béèrè. Bírìkìlà tí ó ti san owó orí fún ọgbọ̀n ọdún, owó orí rẹ̀ ti di ti onílé, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kò di ti onílé. Wọ́n ní nítorí owó orí ni iye fi jẹ́ méjì. Kí ló dé tí wọn kò wo ẹni tí ó san owó orí?

Ibi tí ìmọ̀ràn wa yọrí sí

Ọmọbìnrin tí a bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ bàbá rẹ̀ bí a ṣe wí. Ó gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n wá àgbà kan tí ó rántí orúkọ bàbá bàbá rẹ̀. Ó san owó onílé. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n a kò ka owó yàrá. A kò ka owó ọkọ̀ ní ìgbà mẹ́rin lọ́dún. A kò ka oúnjẹ tí kò bá ti inú ìkòkò ìyá rẹ̀ jẹ. Kí ọdún kejì tó parí, ohun tí a rò pé a fi ọwọ́ ọ̀tún pamọ́, ọwọ́ òsì ti ná an tán, ó sì tún jẹ gbèsè lé e. Bàbá rẹ̀ kò bá wa wí. Àwa ni a ń bá ara wa wí.

Ohun kan tún wà tí ó dùn wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí à ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí, a wo ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ibi tí wọ́n ti túmọ̀ ẹni tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan. Wọ́n ní ẹni tí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ méjèèjì, tàbí èyíkéyìí nínú àwọn òbí rẹ̀ àgbà, bá jẹ́ ara àwọn ènìyàn tí ó ni ilẹ̀ náà. Wọn kò ní bàbá nìkan. Ìyá ọmọ yìí, ọmọ ìlú wa ni. Ìlú wa ni bàbá rẹ̀ ti gbé e níyàwó, àwa gan-an ni a so yìgì wọn! A jókòó níbẹ̀, à ń pe ọmọ ní àlejò nínú ilé bàbá ìyá rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tí ó rò ó láti béèrè.

Ohun tí ó yẹ kí òbí ṣe

Kì í ṣe pé a kórìíra ìrìn àjò nítorí ìmọ̀. Bí a kò bá rìn jìnnà, a kì í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣéù Ādam Abdullāhi al-Ilori, tí a bí ní Wasa, ní ilẹ̀ tí ó ń jẹ́ Benin lónìí, ní 1917, dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Láti ibi gbogbo nílẹ̀ Yorùbá àti ní òde rẹ̀ ni àwọn ọmọ ti lọ kàwé níbẹ̀, títí ó fi kú ní 1992 àti lẹ́yìn rẹ̀. A kò gbọ́ rí pé wọ́n ní kí ọmọ Ìjẹ̀bú san iye kan, kí ọmọ Ìlọrin san òmíràn. Ìmọ̀ kò mọ ààlà. Àpò òbí ni ó mọ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí ẹ tó kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ọmọ fẹ́ kọ́, bóyá ilé ẹ̀kọ́ náà ní i, tí àjọ NUC sì fọwọ́ sí i. Ẹ wo yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí ó múlé gbe ìpínlẹ̀ yín. Kò gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn owó mìíràn níbẹ̀ ti ga gan-an láti 2023. Bí ó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní ọmọ ìpínlẹ̀, kí wọ́n sì fi hàn yín nínú ìwé. Ẹ mẹ́nu ba ìdílé ìyá. Ẹ wá ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún: owó ilé ìwé, yàrá, ọkọ̀, oúnjẹ, àti ìrìn àjò lọ ṣe ìdánwò tí ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn ti JAMB láti 2005. Owó onílé ní ìlú tí ó jìnnà lè pọ̀ ju owó àlejò lọ ní ìlú tí ọmọ ti ń sùn nílé bàbá rẹ̀.

Láti 2024, ìjọba àpapọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láìgba èlé, ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé gbèsè ni, a óò san án.

Sí ẹ̀yin aṣòfin àti ẹ̀yin aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́, ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí iye owó jẹ́ méjì, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ti ń gbé láàrin yín, tí ó sì ń san owó orí yín, san iye ti onílé fún ọmọ rẹ̀.

Àbúrò ọmọbìnrin yìí, ọkùnrin, ni ó ń gba fọ́ọ̀mù lọ́dún yìí. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, àwa àti baálé ilé ìyá rẹ̀ jọ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ní a kì í fi ìyá ṣe é. A ka ohun tí ó wà nínú ìwé òfin sí wọn létí. Wọ́n wo ojú ara wọn, wọ́n sì tẹ ìwé náà lóǹtẹ̀. Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ yóò wí kò tíì dé. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ọmọ náà rí ilé nínú ìlú tí wọ́n bí i sí. Āmín.